Ohun tí orin lè ṣe fún ọkàn wa, àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọjọ́ ìlera ilé wa

  A júbà àwọn tó ṣáájú wa, àwọn tí wọ́n gbé orin sọdá òkun nígbà tí wọn kò lè gbé ẹrù mìíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílù tí wọ́n gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀ fún wa díẹ̀ kí a lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú yàrá yìí kan náà, a dìde, a sọ̀rọ̀ lórí orin àti ìlera. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, ìlù sì ti gbóná. A sọ pé orin ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. A ní ẹni tó bá ń kọrin láràárọ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní í dà á láàmú láé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ìyá wa kan wà ní ìjókòó ìlà kejì lọ́jọ́ náà. Ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́sàn-án. Oògùn náà máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ti sú u. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó délé, ó kó oògùn sínú dúrọ́ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Odindi oṣù mẹ́rin ni ara rẹ̀ fi yá gágá. Orí kò fọ́ ọ, òòyì kò kọ́ ọ, oorun rẹ̀ dára. Ó tilẹ̀ jẹ́rìí níwájú wa níbí pé ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni.

Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹ rí i níbi tó jókòó sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bá wa jà rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún wa kò tíì padà bọ̀ sípò, àwa náà sì mọ ohun tí a sọ. Nítorí náà ni a ṣe padà lọ kàwé, tí a bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà nínú ilé yìí sọ̀rọ̀, kí a lè mọ ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wa àti ibi tí a ti gbé e kọjá ààlà.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí másùnmáwo ṣe ń wọ ara.

Bí ọlọ́pàá bá tan iná sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ní òru, kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ rárá tí ọkàn wa ti ń lù kìkì. Ọpọlọ ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Wọ́n tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè. Láìpẹ́, cortisol tẹ̀ lé e, ó mú kí ṣúgà pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ kí a lè rí agbára sá tàbí kí a rí agbára jà. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Bí ó bá jẹ́ kìnnìún ló dé, a ó sá, kìnnìún á lọ, ara á padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n owó ilé kì í lọ bí kìnnìún. Ọ̀gá tó ń fojú tín-ín-rín wò wá níbi iṣẹ́ kì í lọ. Ọmọkùnrin tí kò tíì wọlé ní aago méjìlá òru, ìyá rẹ̀ kò lè sùn. Bí ara bá wà ní ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan ẹ̀jẹ̀ á gan, ọkàn á sì máa ṣe iṣẹ́ àṣekún tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Sherman James, ọ̀kan nínú àwa adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìwádìí nípa àìsàn láàárín àwùjọ, kọ̀wé ní ọdún 1983 lórí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ní North Carolina. Ó fún ohun tó rí ní orúkọ John Henry, ọkùnrin alágbára inú ìtàn tó fi òòlù bá ẹ̀rọ díje níbi iṣẹ́ ojú irin, tó borí ẹ̀rọ náà, tó sì ṣubú lulẹ̀ kú. Èrò James ni pé ẹni tó gbà pé bí òun bá ṣáà ti tẹra mọ́ ọn, òun yóò borí ohun gbogbo, àmọ́ tí kò ní owó tàbí ẹ̀kọ́ tó lè gbè é lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa ru. Ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́ wa tí ẹ ń ṣèpàdé di aago méjì òru tí ẹ sì ń jí ní aago márùn-ún, ẹ̀yin ni à ń bá wí. A mọ̀ pé ìjà náà tọ́. Àwa náà wà nínú rẹ̀.

Níbo ni orin ti wá wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ní ọdún 2006, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pavia, ní Ítálì, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn dókítà ọkàn tó ń jẹ́ Heart. Ènìyàn 24 ni wọ́n lò: 12 jẹ́ olórin, 12 yòókù kò kọ́ṣẹ́ orin. Wọ́n fi oríṣi orin mẹ́fà sí wọn létí, orin Íńdíà wà níbẹ̀, ti Beethoven àti ti Vivaldi wà níbẹ̀, rap àti tẹ́kínò náà wà níbẹ̀. Bí orin bá ṣe yára tó ni mímí wọn ṣe ń yára, tí ọkàn wọn ń sáré, tí ìfúnpá wọn sì ń gòkè. Irú orin tó jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan bóyá ẹni tó ń gbọ́ ọ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sọ pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń dá ẹ̀jẹ̀ yín rú, ẹ gbọ́ o. Bó ṣe yára tó ni, kì í ṣe orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bàtá tí a lù kíkankíkan yóò ṣe ohun kan náà.

Àwọn tó kó wa lẹ́rú mọ èyí láìka ìwé kankan. Ní 1739, àwọn ẹrú dìde ní etí odò Stono ní South Carolina, wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1740, òfin ilẹ̀ náà ka ìlù àti fèrè léèwọ̀ fún ẹrú. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí ìlù ń ṣe sí àyà ènìyàn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ìlù tó yára kò dára. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé gbígbóná àyà yàtọ̀ sí ìtura àyà, a kò sì gbọ́dọ̀ pe ọ̀kan ní èkejì.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú ìwádìí Pavia náà kì í tilẹ̀ ṣe orin. Àwọn olùwádìí náà ki àlàfo ìṣẹ́jú méjì sí àárín àwọn orin, láìsí ohùn kankan. Láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn ni lílù ọkàn, ìfúnpá àti mímí rọlẹ̀ jù lọ. Wọ́n rọlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà kí orin kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé orin gbé ọkàn sókè, ó dì í mú, ìgbà tó wá tú u sílẹ̀ ni ìsinmi dé. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ilé wa máa ń fún ọkàn ní ìṣẹ́jú méjì yẹn. Onílù kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára awọ tí ẹnìkan ti lé orin mìíràn. Bí kò bá sí orin, ìkéde ni. Bí kò bá sí ìkéde, fóònù ẹnìkan á dún.

Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, ní 2001, Bernardi kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé òmíràn jáde nínú ìwé àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kan àwa onísìn gan-an. Wọ́n mú ènìyàn 23 tí ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n ní kí wọ́n máa ka àdúrà rósárì àwọn Àgùdà ní èdè Látìn. Wọ́n tún ní kí wọ́n ka mantra tí àwọn oníyógà ń kà. Méjèèjì mú kí mímí wọn lọ sílẹ̀ sí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ máa ń mí tó ẹ̀ẹ̀méjìlá sí ogún ní ìṣẹ́jú kan. Mímí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà yìí, tó jẹ́ èémí kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ní ìdí tó fi dára. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ní ìgbì kan tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà ní ọrùn, àti nínú èyí tó jáde láti ọkàn, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì. Bí títì náà bá pọ̀ jù, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó dẹ ọkàn lọ́wọ́. Bí èémí wa bá bá ìgbì náà rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí á túbọ̀ já fáfá lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Kò sí ẹni tó lè gba èyí lọ́wọ́ wa pé tàwọn kan ṣoṣo ni. Gígùn gbólóhùn àti ibi tí a ti ń mí ló ṣe iṣẹ́ náà. Orin wa ní lílé àti ègbè. Nígbà tí ẹni tó ń lé e bá ń lé e, ègbè ní àyè láti mí sínú. Nígbà tí ègbè bá ń gbè é, èémí ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ní Gothenburg, ní Sweden, àwọn olùwádìí wo ọkàn ọ̀dọ́ 15 tí wọ́n ń kọrin pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2013 pé bí orin bá ṣe ń fún wọn ní ibi mímí, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn ń yára pọ̀ tó sì ń dẹ̀ pọ̀. Àmọ́ bí ègbè bá ń já orin gbà lẹ́nu ẹni tó ń lé e, bí a ti máa ń ṣe ní ọjọ́ ọdún nígbà tí ara bá ti yá jù, kò sí ẹni tó ń mí dáadáa mọ́. Àwọn àgbà tó kọ́ wa lórin máa ń bínú sí èyí. A rò pé ẹwà orin nìkan ni wọ́n ń rò.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì mìíràn kún un ní kíákíá. Ní Yunifásítì Maryland, ní Baltimore, Dókítà Michael Miller sọ ní 2008 pé òun fi orin tó ń dun ènìyàn nínú sí ènìyàn 10 létí, òun sì wo iṣan ẹ̀jẹ̀ apá wọn. Orin ayọ̀ mú kí iṣan náà là sí i, ó fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Orin tó ń kó wọn láyà sókè mú kó fún ní nǹkan bí ìdá 6. Olúkúlùkù ló yan orin ayọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má bàa ti sú wọn. Ènìyàn 10 kéré o, ẹ má fi búra.

Èkejì ni ti Zurich ní Switzerland, tí wọ́n gbé jáde ní 2013. Obìnrin 60 ni. Àwọn kan gbọ́ orin ìtura, àwọn kan gbọ́ ìró omi tó ń ṣàn, àwọn kan kàn sinmi lásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo wọn síwájú àwọn adájọ́ láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò. Àwọn tó gbọ́ orin tètè padà bọ̀ sípò nínú àwọn àmì kan. Ṣùgbọ́n cortisol wọn ló ga jù. Ìró omi ni cortisol tirẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Nígbà tí a ka èyí, àwa ọmọ Ọ̀ṣun rẹ́rìn-ín, a kò lè ṣe kí a má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé orin kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo, àní orin tó tutù pàápàá.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí a ti ṣìnà.

Joke Bradt àti Cheryl Dileo, àwọn obìnrin méjì tó ń kọ́ni nípa lílo orin fún ìwòsàn ní Philadelphia, kó ìwádìí 26 jọ, tó kan ènìyàn 1,369 tí wọ́n ní àrùn iṣan ọkàn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2013 pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan. Wọ́n rí i pé gbígbọ́ orin dín ìbẹ̀rù àti àníyàn kù, pàápàá bí aláìsàn bá yan orin fúnra rẹ̀. Ó lè dín ìfúnpá, lílù ọkàn àti mímí kù pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi, wọ́n sì sọ gbangba pé púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kò lágbára tó. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtura tí orin ń fún ìfúnpá lè má ju àkókò tí a fi wà nídìí orin náà lọ. Oògùn tí ìyá wa fi sínú dúrọ́ọ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, nígbà tó ń sùn, nígbà tó ń bínú, nígbà tó ń jẹ iyọ̀. Ohun tó tan òun àti àwa jẹ ni pé ara rẹ̀ yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ké. Ènìyàn lè wà ní 170 kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa jó, kó máa jẹ́rìí. Ọkàn tó balẹ̀ ní ìtumọ̀ kan lẹ́nu wa, iṣan ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ fún wa. Láti 2017, àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí a máa ka 130 lórí 80 sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́lẹ̀, 140 lórí 90 ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n sọ fún nígbà náà pé kò sí nǹkan, nǹkan ti wà báyìí.

Bí oògùn bá ń wú yín lẹ́sẹ̀, bó bá ń mú yín wúkọ́, bó bá ń lé yín lọ sí ilé ìtọ̀ jù, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. A mọ̀ pé àwọn dókítà kan kì í fetí sí wa. Ẹ pè wá, a ó bá yín lọ. Ẹni méjì níwájú tábìlì kì í dà bí ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń jó. Ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ orin ń sinmi. Ẹni tó ń jó bàtá fún wákàtí mẹ́ta nínú ooru, láìjẹun, láìmu omi, iṣẹ́ ńlá ló ń gbé lé ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ijó dára fún ọkàn tó le. Bí àyà bá ń fún yín mọ́lẹ̀, bí èémí kò bá dé ìsàlẹ̀ mọ́, ẹ jókòó, ẹ sì sọ fún ẹnìkan. Òrìṣà kò ní bínú. Bí ẹ bá rí i tí ẹnu ẹnìkan yí, tí apá rẹ̀ kan wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má fún un ní omi, ẹ má wọ́n omi sí i lórí, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ìyá wa fi ogójì ìṣẹ́jú wá wa kiri lórí fóònù kó tó pe ọkọ̀ aláìsàn. Ìyẹn náà wà lọ́rùn wa, nítorí àwa la kọ́ ọ pé ilé ni kó kọ́kọ́ pè.

Láti òní lọ, ẹ̀rọ ìfúnpá yóò máa wà lórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìlù. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà ní ìhòòhò lórí tábìlì, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kékeré tí a ó fún yín, kí ẹ mú un lọ bá dókítà.

Nílé, ẹni tó bá fẹ́, kó wá orin kan tó lọ díẹ̀díẹ̀, tirẹ̀ ni kó jẹ́, kó gbọ́ ọ tàbí kó kọ ọ́ ní àṣálẹ́ lẹ́yìn tó bá ti lo oògùn rẹ̀. Kó má ṣe gbé ohùn rẹ̀ sókè jù. Bó bá tán, kó má ṣe tan tẹlifíṣàn.

Ní báyìí a ó kọ orin kan, ìyá wa ni yóò lé e, láti ibi tó jókòó sí. Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀ kí ẹ tó gbè é. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí orin bá parí, àwọn onílù yóò gbọ́wọ́ kúrò lára awọ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má kí ara yín, ẹ pa fóònù. Nọ́ọ̀sì wa tó dúró ní ẹ̀yìn ni yóò wo aago.